Ìdílé pásítọ̀ dé ìlú onílùú: ìwé mẹ́rin, èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹni tó bá ní òun ń wá ìwé ìtàn àròsọ nípa míṣọ́nnárì tó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ìlú tí wọn ò mọ̀ rí, The Poisonwood Bible ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Barbara Kingsolver, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 1998. Wọn ò tàn án jẹ. Nínú àwọn ìwé tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ló gbé ìdílé náà fúnra rẹ̀ sí àárín, tí a jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ, tí a ń gbọ́ ohun tí ìyàwó pásítọ̀ ń rò nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ńlá ni, ó lé ní ojú-ewé 500, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó gúgúrú. Ẹni tó bá rà á nítorí pé ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára àwọn onílùú tí míṣọ́nnárì wá bá, ìwé tí kò wá ló rà yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé mẹ́ta mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Things Fall Apart ti Chinua Achebe wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kà ní sẹ́kọ́ńdìrì nítorí ìdánwò, tá a sì ti gbàgbé pé ìtàn míṣọ́nnárì wà nínú rẹ̀. The River Between wà níbẹ̀, tí Ngũgĩ wa Thiong'o ará Kẹ́ńyà kọ. Ìkẹta ni The Poor Christ of Bomba, tí Mongo Beti ará Kamẹrúùnù fi èdè Faransé kọ kí wọ́n tó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé karùn-ún máa yọjú níwájú, torí mi ò lè kọ irú àpilẹ̀kọ yìí kí n má dárúkọ rẹ̀.

| Ìwé | Ọdún tó jáde | Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ | Ẹni tó ń ròyìn |
|---|---|---|---|
| The Poisonwood Bible | 1998 | Kilanga, Kóńgò, láti 1959 lọ | Ìyàwó pásítọ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́rin |
| Things Fall Apart | 1958 | Umuofia àti Mbanta, ilẹ̀ Ìgbò | Òǹkọ̀wé, láti inú ìlú |
| The Poor Christ of Bomba | 1956 | Bomba àti agbègbè Tala, Kamẹrúùnù | Denis, ọmọ ọ̀dọ̀ fadá |
| The River Between | 1965 | Kameno àti Makuyu, ilẹ̀ Gikuyu ní Kẹ́ńyà | Òǹkọ̀wé, láti àárín ìlú méjèèjì |

Ẹnu ta la ti ń gbọ́ ọ?

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ yan nìyí, torí òun ló ń pinnu bóyá ìwé á bá a lára mu.

Nínú The Poisonwood Bible, Nathan Price, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Bethlehem ní ìpínlẹ̀ Georgia, ló kó aya àti ọmọ dé Kilanga, ní agbègbè odò Kwilu, ní 1959. Òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù nínú ìwé náà, síbẹ̀ kò sí orí kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ ròyìn. Orleanna ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́rin ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Rachel, àkọ́bí, ọmọ ọdún 15, dígí ló ń wò ṣáá. Tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ ńlá, á ṣì í lò, ẹ̀rín á sì pa yín. Leah ń sá tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ kiri, ó ń wá ojú rere rẹ̀. Adah, ìbejì rẹ̀, ń tiro, kì í fi bẹ́ẹ̀ la ẹnu, a máa ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, òun sì ni ojú rẹ̀ là jù nínú gbogbo wọn. Ruth May, ọmọ ọdún márùn-ún, ń sọ ohun tó rí láìmọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo bí Nathan ṣe ń jẹ àwọn ọmọ níyà. Kì í jókòó sọ ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ. Ibì kan nínú Bíbélì ló máa dá: ìwé, orí, ẹsẹ. Ọmọ á mú gègé, á da ẹsẹ yẹn kọ pẹ̀lú 99 tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tó bá dé ẹsẹ ọgọ́rùn-ún ló máa tó rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti ń ro ó. Ẹni tí wọ́n tọ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì níbikíbi á mọ irú ilé tí ilé yẹn jẹ́, kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé Nathan fún un.

Ibi tí ìwé náà ti dùn jù nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti kù díẹ̀ káàtó. Ojú àlejò la fi ń wo Kilanga látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tata Ndu tó jẹ́ baálẹ̀ wà níbẹ̀. Mama Mwanza tí kò ní ẹsẹ̀ mọ́, tó ń fi ọwọ́ rìn, tó sì ń bójú tó ọkọ àti ọmọ bí obìnrin yòókù, wà níbẹ̀. Anatole olùkọ́ wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́n, gbogbo wọn ló ní ìwà, àmọ́ kò sígbà kan tá a wọ ilé wọn nígbà tí òyìnbó ò sí níjòókòó. Kingsolver gbé ní Kóńgò fúngbà díẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Iṣẹ́ ìlera ni àwọn òbí rẹ̀ bá lọ, kì í ṣe iṣẹ́ ìwàásù. Ó mọ̀ pé ojú àlejò lòun ní, kò díbọ́n pé òun ní òmíràn, mo sì kan sáárá sí i fún ìyẹn. Síbẹ̀, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Ti Achebe yàtọ̀ pátápátá. Orí 25 ló wà nínú Things Fall Apart, orí kẹrìndínlógún ni míṣọ́nnárì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kí wọ́n tó dé, a ti bá Okonkwo, akọni ìtàn náà, gbin iṣu, a ti bá Ekwefi ìyàwó rẹ̀ sáré lóru nítorí Ezinma ọmọ wọn, a ti sunkún Ikemefuna, ọmọ tí wọ́n pa. Nígbà tí òyìnbó wá dé Mbanta pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀, àwa la jókòó nílé, òun ló ń kàgò. Ẹni tó bá ka ìwé méjèèjì tẹ̀ léra á rí i pé ìlú tí a kò wọ inú ilé rẹ̀ ni Kilanga.

Nígbà tí ìlú dán Ọlọ́run àlejò wò

Ìwé méjèèjì ní ibì kan tí àwọn onílùú ti dán ẹ̀sìn tuntun wò lọ́nà tiwọn, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì ti hàn jù.

Ní Mbanta, àwọn míṣọ́nnárì tọrọ ilẹ̀ tí wọ́n á kọ́ ilé ìjọsìn sí. Àwọn àgbà ò fẹ́ fún wọn, wọn ò sì fẹ́ lé wọn. Wọ́n fún wọn ní igbó burúkú, ibi tí wọ́n ń sin àwọn tó kú ikú àìdáa sí, tí wọ́n ń kó oògùn àwọn adáhunṣe ńlá tó ti kú dà sí. Ilẹ̀ tí èèyàn tó lórí pípé ò ní gbà ni wọ́n gbà tayọ̀tayọ̀. Ìlú ń retí pé kó tó di ọjọ́ mẹ́rin gbogbo wọn á ti kú. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Wọ́n ní àwọn òrìṣà a máa mú sùúrù, ṣùgbọ́n kì í ju ọ̀sẹ̀ ọjà méje lọ, ìyẹn ọjọ́ 28. Ọjọ́ 28 pé, àwọn míṣọ́nnárì tún ń kọ́lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí obìnrin àkọ́kọ́ tó dara pọ̀ mọ́ wọn, Nneka, aboyún tó ti bí ìbejì nígbà mẹ́rin tí wọ́n sì ti kó gbogbo wọn dà nù sínú igbó. Ẹ má gbàgbé obìnrin yìí, a máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní Kilanga, ìdìbò ni wọ́n fi dán an wò. Kóńgò ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù ní June 30, 1960, àwọn òyìnbó ti ń kọ́ wọn ní ìbò dídì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Tata Ndu dìde láàárín ìwàásù, ó ní kí wọ́n dìbò níbẹ̀ bóyá Jésù ni ọlọ́run Kilanga. Inú bí Nathan, ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dìbò lé lórí. Baálẹ̀ ní ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbé e wá. Wọ́n dìbò, wọ́n kà á: 11 fún Jésù, 56 lòdì sí i.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí Anatole ti sọ ṣáájú: ní tiwọn, ńṣe ni àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ títí gbogbo ìlú á fi gbà. Kí ẹni 51 borí ẹni 49 kí wọ́n sì túká, kò jọ ọgbọ́n lójú wọn, torí bí ìdajì ìlú ṣe ń bínú lọ sílé nìyẹn. Baálẹ̀ mọ̀ pé ìbò kò dáa. Ó kàn fi ohun tí òyìnbó ní ó dáa na òyìnbó ni. Kingsolver mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú èyí, kò sì sí ibòmíràn nínú ìwé náà tí àwọn ará Kilanga ti sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ rèé: ní Mbanta, àwọn onílùú ló fẹ̀yìn balẹ̀ nínú ìdánwò tí àwọn fúnra wọn gbé kalẹ̀, ó sì dùn wá torí pé a fẹ́ràn wọn. Ní Kilanga, àlejò ló fẹ̀yìn balẹ̀, kò sì dùn wá rárá, torí pé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa retí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbejì náà wà nínú méjèèjì. Nneka sá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò ní pa ọmọ rẹ̀; igbe ìbejì nínú igbó wà lára ohun tó mú Nwoye ọmọ Okonkwo fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ní Kilanga, Leah àti Adah kàn ń rìn káàkiri ìlú tí wọ́n ti ń gbé ìbejì jù sínú igbó, ọ̀rọ̀ wọn sì kó àwọn ará ibẹ̀ láyà sókè. Ọmọ Yorùbá tí Táíwò àti Kẹ́hìndé kún ilé rẹ̀ kò ní lè ka apá yìí gbéfẹ́.

Ebè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá The Poisonwood Bible á bá yín lára mu kí ẹ tó rà á, ẹ ka apá ìbẹ̀rẹ̀ ibi tí Nathan ti ń dáko. Ó kó irúgbìn ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ó fẹ́ fi oko han àwọn ará Kilanga bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ro ilẹ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mama Tataba, obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, wò ó, ó ní kí ó kọ ebè. Kò gbọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè náà sílẹ̀ fún un, Nathan tún tú gbogbo rẹ̀ ká, ó tẹ́ ẹ padà. Òjò dé, ó gbá irúgbìn lọ pátá. Nígbà yẹn ló wá kọ ebè. Ewé yọ, ó gbilẹ̀, ó ga bí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, kò sì so. Kò sí kòkòrò tó mọ òdòdó ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbẹ̀, èyí tó máa gbé àtíkè òdòdó láti ìkan dé ìkejì.

Àgbẹ̀ wa kankan ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé apá àkọ́kọ́ yẹn fún un. Apá kejì ló jẹ́ kí n máa fi ìwé náà lọ èèyàn: ó gba ìmọ̀ràn níkẹyìn, kò sì ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi rí bákan náà. Oṣù lọ, oṣù bọ̀, ó ń bínú pé wọn ò jẹ́ kí òun ri àwọn ọmọ wọn bọmi nínú odò. Ìgbà tí Mama Tataba ń fi ilé wọn sílẹ̀ ló tó sọ fún un pé ọ̀nì ti gbé ọmọ kan lọ nínú odò yẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún un ṣáájú. Òun náà ò béèrè.

Àwọn obìnrin ilé

Tó bá jẹ́ ìgbésí ayé ìyàwó àti ọmọbìnrin nínú ilé oníwàásù ni ẹ ń wá, Things Fall Apart kò ní tó yín. Ọ̀rọ̀ àárín bàbá àti ọmọkùnrin ló gba ibẹ̀. Ìwé tó sún mọ́ ti Kingsolver ní ọ̀nà yìí ni The River Between, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Nínú ìwé Ngũgĩ, òyìnbó míṣọ́nnárì, Livingstone, wà lọ́nà jíjìn ní Siriana. Ẹni tó ń wàásù ní Makuyu ni Joshua, ọmọ Gikuyu bíi tiwọn, tó gbé páànù lé orí ilé rẹ̀ nígbà tí ilé àwọn yòókù jẹ́ koríko. Líle rẹ̀ kò dín sí ti Nathan Price. Ọmọbìnrin méjì ló ní, Nyambura àti Muthoni. Muthoni gba Jésù gbọ́ tọkàntọkàn, ó sì tún fẹ́ kí wọ́n dá abẹ́ fún òun kí òun lè di obìnrin láàárín àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Ó sá lọ bá àǹtí rẹ̀ ní Kameno, wọ́n dá a, egbò náà kò jiná, ó sì kú. Kí Muthoni tó kú ni Joshua ti sọ pé òun ò ní ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní ọdún 1929, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ìjọ míṣọ́nnárì àti àwọn Gikuyu lórí abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin. Ọ̀pọ̀ ló fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wọ́n sì dá ilé ìwé tiwọn sílẹ̀. Ngũgĩ kò gbè sẹ́yìn ìkankan nínú wọn, ìyẹn ló mú kí ìwé náà ṣòro fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun ẹni tó jẹ̀bi.

Ìwé kékeré ni, ojú-ewé bíi 150, èèyàn lè kà á tán láàárín ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn. Àléébù rẹ̀ ni pé Waiyaki, tó yẹ kó jẹ́ akọni, kì í sábà ṣe nǹkan kan títí nǹkan fi máa ń ṣẹlẹ̀ sí i, èmi ò sì gbádùn ìdajì ìkẹyìn rẹ̀ tó bí mo ṣe gbádùn ti Muthoni.

Fadá tí kò níyàwó

The Poor Christ of Bomba ló pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ló korò jù. Fadá Drumont ti pa Tala tì fún ọdún mélòó kan, ó ní kí wọ́n fi mọ iyì òun. Ó wá gbéra láti bẹ̀ wọ́n wò, ó sì rí i pé ara wọn le, wọ́n ti fẹ́yàwó kún ìyàwó. Denis, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọkàn ọmọdé tó gbà pé fadá kò lè ṣi nǹkan ṣe. Àwa tí à ń kà á la rí ohun tí òun ò rí. Zacharie tó ń se oúnjẹ fún fadá kì í bo òótọ́ mọ́lẹ̀ ní tiẹ̀. Láàárín ìrìn àjò náà, òyìnbó ìjọba kan ń gbèrò láti fi àwọn ará Tala ṣiṣẹ́ ọ̀nà tipátipá, fadá sì rí i kedere pé ìbẹ̀rù iṣẹ́ ọ̀nà lè kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ju ìwàásù òun lọ.

Ilé kan wà nínú ọgbà ìjọ náà tí wọ́n ń pè ní sixa, ibi tí àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ní láti gbé fún oṣù mélòó kan, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ láìgba owó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló tú ìwé náà palẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ má rà á fún ọmọ ọdún 13.

Ibi tó ti ń wúwo

Màá sọ òótọ́ nípa ìdajì kejì The Poisonwood Bible. Ọjọ́ tí ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀ sí ìdílé Price ni January 17, 1961, ọjọ́ kan náà tí wọ́n pa Patrice Lumumba. Bí òǹkọ̀wé ṣe so ikú olórí ìjọba mọ́ ẹkún inú ilé kan dáa gan-an, ọwọ́ Amẹ́ríkà tó wà nínú bíbì Lumumba ṣubú kò sì fara sin nínú ìwé náà. Ìṣòro ni pé ìwé náà kò parí síbẹ̀. Ó tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, gbogbo àkókò tí Mobutu fi ṣèjọba Kóńgò, Leah sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òṣèlú Áfíríkà fún wa bíi pé a ò gbé níbẹ̀. Òǹkàwé ará Amẹ́ríkà lè nílò rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ti rí ìjọba ológun á máa yí ojú-ewé kíákíá. Rachel nìkan ló ṣì ń pani lẹ́rìn-ín ní apá yẹn, torí ìmọ̀ tara rẹ̀ nìkan kò yí padà.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú: àṣìlò ọ̀rọ̀ ti Rachel àti ọ̀rọ̀ àyípolẹ́yìn ti Adah lè dá ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu dúró. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, ẹ fo èyí tí ò bá yé yín. Ìtàn náà kò ní sọnù mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìwé karùn-ún

Bí ẹ bá ti ka Things Fall Apart ní ilé ìwé, tẹ́ ẹ sì ṣì rántí rẹ̀, ẹ má tún rà á. Arrow of God ni kẹ́ ẹ rà. Achebe náà ló kọ ọ́, ó jáde ní 1964, èmi sì gbà pé nínú gbogbo ìwé tí mo ti dárúkọ, òun ló mọ bí ẹ̀sìn ṣe ń gba ọwọ́ ìlú kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn.

Ezeulu, àwòrò Ulu tó jẹ́ òrìṣà ìlú Umuaro, rán Oduche ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó lè jẹ́ ojú òun níbẹ̀. Ọmọ náà gba ẹ̀kọ́ ju bí bàbá ṣe fẹ́ lọ, ó sì lọ ti òjòlá mímọ́ mọ́ inú àpótí. Lẹ́yìn tí ìjọba ti Ezeulu mọ́lé ní Okperi, ó padà dé, ó kọ̀ láti dá ọjọ́ ọdún iṣu tuntun, torí iṣu tó yẹ kó máa jẹ lóṣooṣù kò tíì tán. Iṣu wà nínú ilẹ̀, ebi ń pa ìlú, kò sẹ́ni tó lè wà á. Ìgbà náà ni Goodcountry, olùkọ́ ìjọ, kéde pé kí ẹni tó bá ń bẹ̀rù Ulu gbé iṣu rẹ̀ wá sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run tiwọn á dáàbò bò ó. Ẹni tó bá ń gbé iṣu àti ọsàn lọ sí ìkórè lọ́dọọdún, tó wá ka orí yẹn, á wo apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ta ni kó ka èwo?

Fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, Things Fall Apart ló dáa, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọmọ kà á ní èdè ilé, Wálé Ògúnyẹmí ti tú u sí Yorùbá pẹ̀lú àkọlé Ìgbésí Ayé Okonkwo. The River Between náà dáa fún un, tí àgbà kan bá máa jókòó bá a sọ̀rọ̀ nípa abẹ́ dídá.

Ìyàwó pásítọ̀, ọmọ pásítọ̀, ẹni tí wọ́n gbé kúrò ní ìlú rẹ̀ nítorí ìpè ẹlòmíràn: The Poisonwood Bible. Kò sí ìkejì. Orleanna ń sọ ohun tí àwọn obìnrin kan ti ń gbé mì fún ọdún gbọọrọ. Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ òǹkàwé nínú ìjọ, ẹ lè kà á, àmọ́ ẹ mọ̀ pé àríyànjiyàn á ṣẹlẹ̀, àwọn kan á ní ó ń bú iṣẹ́ ìwàásù. Ẹ tọ́ka wọn sí Brother Fowles, míṣọ́nnárì tó wà ní Kilanga kí Nathan tó dé, tó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tí àwọn èèyàn ṣì ń fi ìfẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ìwé náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wàásù.

Onígbàgbọ́ ìjọ Àgùdà tó lè fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, Bomba ni tirẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ òótọ́ ju àròsọ lọ, kó wá ìwé Anna Hinderer, Seventeen Years in the Yoruba Country, tó jáde ní 1872. Òun àti David ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 1869. Wọn ò bímọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìbàdàn kún ilé wọn, lára wọn ni ọmọ Olúńlọ́yọ̀ọ́ méjì. Nígbà ogun Ìjàyè, ọ̀nà dí, owó tán, ebi pa wọ́n débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé jẹ. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ Anna ni wọ́n fi ṣe ìwé náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, torí náà ẹnu àlejò ni ti òun náà, a ò gbọ́ ohun táwọn ọmọ Olúńlọ́yọ̀ọ́ rò nípa oúnjẹ òyìnbó. Àmọ́ tọkọtaya náà kọ́ èdè, wọ́n gba ìmọ̀ràn, wọ́n sì bá ìlú jẹ ìyà ìlú. Lẹ́yìn Nathan Price, ó dáa kéèyàn rí irú wọn.

Tó bá jẹ́ pé owó ìwé méjì lẹ ní, ẹ ra Arrow of God àti The Poisonwood Bible, kí ẹ sì ka ti Achebe ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ní Umuaro, tó mọ ohun tó wà nínú ọkàn àwòrò, tó bá wá dé Kilanga tó rí Tata Ndu tó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní dúró de Leah kó ṣàlàyé ọkùnrin yẹn fún òun.